Sísáré Lábẹ́ Ojú Ọjọ́ Gbogbo: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Tó Wà Nílẹ̀

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí kò ṣòro ní sísọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò tíì fìdí kalẹ̀ síbì kan: ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń sáré fún ìdárayá máa sá a ní gbangba nínú ojú ọjọ́ gbogbo, ìbáà ṣe oòrùn, òjò, ọyẹ́ tàbí ọ̀gìnnìtìn, àbí ó yẹ kí ó máa ṣa ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì jókòó sílé nígbà tí ojú ọjọ́ kò bá dára? Láàárín àwọn Yorùbá, ẹni tó ń sáré láìsí ohun tó ń lé e tàbí ohun tó ń lé jẹ́ ẹni tí a máa ń wò tìyanutìyanu tẹ́lẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ṣùgbọ́n láti oṣù Èrèlé ọdún 2016 tí eré ìje màrátọ́ọ̀nù ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn eré ìje tó gùn ní kìlómítà 42.195, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àwàdà. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá, àwọn oníṣègùn àti àwọn asáré fúnra wọn ti dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tí kò bára mu, àwọn ìdáhùn mìíràn sì ń tako ara wọn pátápátá. Ohun kan tí yóò máa hàn léraléra ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ló ní ìlú tí a ti ṣe é, àti pé nígbà tí a bá gbé e dé Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ mọ́.

Ìdí tí ojú ọjọ́ fi kan asáré ju ẹni tó jókòó lọ ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí iṣan ń jó nígbà eré ló ń di ooru, tí ara sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tú u dànù. Òógùn ni ọ̀nà tó gbòòrò jù lọ, ṣùgbọ́n òógùn tó kán sílẹ̀ kò tu ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó gbẹ lórí awọ ara, tí afẹ́fẹ́ gbé lọ, nìkan ló ń mú ooru dání lọ. Aṣọ orí okùn ṣàlàyé èyí dáadáa: aṣọ tí a sá lọ́jọ́ ọyẹ́ lè gbẹ kí ìyálẹ̀ta tó kọjá, nígbà tí èyí tí a sá ní oṣù Agẹmọ lè wà lórí okùn di ọjọ́ kejì kí ó sì máa rùn, nítorí pé ọ̀rinrin, ìyẹn omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, ti pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè gba òmíràn. Bí awọ ara asáré ṣe rí nìyẹn. Nínú eré Òlíḿpíìkì ọdún 1912 ní ìlú Stockholm, Francisco Lázaro, asáré ọmọ ilẹ̀ Portugal, ṣubú ní nǹkan bí kìlómítà 30 nínú ooru ọ̀sán, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Àkọsílẹ̀ sọ pé ó ti fi ìda kun ara kí oòrùn má bàa jó o, tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dí ọ̀nà òógùn.

Àwọn tó ní kí a kọ́ ara

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó gbà pé kò sí ojú ọjọ́ tí kò lè mọ́ ènìyàn lára, bí a bá ti fi sùúrù mú ara wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n dì mú lágbára. Bí ènìyàn bá ń sáré nínú ooru lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ kò ní lù kíkankíkan bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́, òógùn rẹ̀ yóò máa tètè jáde, yóò sì pọ̀ sí i, iyọ̀ tó ń bá òógùn náà lọ yóò sì dín kù. Ìyípadà yìí, tí a ó máa pè ní kíkọ́-ara níhìn-ín, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìgboyà; ara fúnra rẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tí ara kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí yóò fi gbàgbé rẹ̀. Ọmọ Èkó tó ti ń gbé London, tó wálé ṣọdún Kérésì, kò lè gbẹ́kẹ̀ lé pé inú ooru ni wọ́n bí òun sí, nítorí ara rẹ̀ ti di ara ìlú tó ti ń bọ̀. Lọ́nà kejì, bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ jù, òógùn púpọ̀ tí kíkọ́-ara mú wá kò rí ibi gbẹ sí, omi ara nìkan ló ń fi ṣòfò. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn tó la ooru já ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe mọ́ wọn lára, a kì í sì í gbọ́ ohùn àwọn tó ṣubú. A tún lè fi kún un pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ti gbégbá orókè ní màrátọ́ọ̀nù Èkó wá láti ilẹ̀ Kenya àti Ethiopia, láti orí òkè tútù bí Iten, tó ga ní nǹkan bí mítà 2,400 ju ojú òkun lọ. Bí ó bá jẹ́ pé mímọ́ tí ooru mọ́ ènìyàn lára ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọmọ Èkó ni ì bá máa gba ipò kìíní.

Àwọn tó ní kí òṣùwọ̀n pàṣẹ

Ẹgbẹ́ kejì kò gbà kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún bí ó ṣe ń ṣe ènìyàn lára. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbára lé jù lọ ni èyí tí a ń pè ní WBGT, tí a ṣe fún àwọn ológun Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ooru ń da àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láàmú ní ibùdó Parris Island ní South Carolina. Tẹmómítà mẹ́ta ló para pọ̀ di òṣùwọ̀n yìí: èkíní ni èyí tí a fi aṣọ tútù wé lórí, tó ń fi hàn bí omi ṣe lè gbẹ tó, èkejì wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tí oòrùn ń pa, ẹ̀kẹta ni ti ojoojúmọ́, tó wà lábẹ́ ibòòji. Aláṣọ tútù ló kó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ náà, bọ́ọ̀lù dúdú kó 20, ti ojoojúmọ́ sì kó 10 péré. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n ooru tí rédíò ń kéde láràárọ̀ ni ìdá tó kéré jù lọ nínú ohun tó ń ṣe asáré ní jàǹbá.

Ẹgbẹ́ oníṣègùn eré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ American College of Sports Medicine ti dábàá láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí a má ṣe eré ìje ọlọ́nà jíjìn bí WBGT bá ti kọjá 28°C. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2007 gbè ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, nítorí ooru mú débi pé wọ́n dá màrátọ́ọ̀nù náà dúró nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣì wà lójú ọ̀nà. Dókítà William Roberts, tó ti pẹ́ nídìí ètò ìlera eré ìje Twin Cities ní Minnesota, tún tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010 pé ní àwọn ìlú apá àríwá ayé, 28 ti pọ̀ jù: bí òṣùwọ̀n náà bá ti lé ní 21°C nígbà ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ooru kò sì tíì mọ́ àwọn asáré lára, a sábà máa ń fagi lé eré náà tàbí kí ibùdó ìtọ́jú kún àkúnya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Yorùbá nìyí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Èkó, bí ooru bá jẹ́ 25°C péré tí ọ̀rinrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, WBGT yóò ti wà ní nǹkan bí 24 kí oòrùn tó yọ rárá, kò sì ní pẹ́ tó fi máa kọjá 28 lẹ́yìn tí oòrùn bá ti là. Bí a bá fi 21 ṣe òfin, àfi ìdájí ọjọ́ ọyẹ́ mélòó kan lọ́dún ni ẹnikẹ́ni yóò lè sáré ní Èkó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ènìyàn ń sáré níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń padà sílé ní àlàáfíà. Òṣùwọ̀n náà péye. Nọ́ńbà tí a so mọ́ ọn ni kò lè péye fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ara àwọn tí a fi wọ̀n ọ́n kò mọ ooru Èkó. Ó tún kù síbì kan: ẹ̀rọ náà kò sí lọ́wọ́ asáré, ohun tí fóònù rẹ̀ sì ń fi hàn án jù ni ìdá mẹ́wàá tí kò tó nǹkan yẹn.

Àwọn tó ń ṣa wákàtí

Ẹgbẹ́ kẹta kò bá ojú ọjọ́ jà, wọ́n á yẹ̀ fún un. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdájí ni wọ́n yàn, nítorí pé ìgbà náà ni ooru kéré jù; ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ìgbà náà gan-an ni ọ̀rinrin pọ̀ jù, tí òógùn sì ń ṣòro láti gbẹ jù. Àǹfààní ìdájí wà ní ti pé oòrùn kò tíì pa bọ́ọ̀lù dúdú, àǹfààní náà kò sì kéré, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò ó. Ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Doha ní 2019 fi ààlà ọgbọ́n yìí hàn: ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n mú kí àwọn obìnrin sá màrátọ́ọ̀nù, síbẹ̀ 28 nínú àwọn 68 tó bẹ̀rẹ̀ kò lè sá a parí, nítorí pé oòrùn wọ̀ ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin kò bá a lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé màrátọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì Tokyo lọ sí Sapporo, ní nǹkan bí 800 kìlómítà sí àríwá. Ìdájí tún ní ewu tirẹ̀ tí kò kan òṣùwọ̀n kankan: òkùnkùn, kòtò ojú títì, ọkọ̀ tí kò tan iná, ajá adúgbò, àti àwọn ọmọ ìta.

Nípa ti àsìkò, ìwádìí kan tó jáde ní 2012 lórí màrátọ́ọ̀nù ńláńlá mẹ́fà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi hàn pé nǹkan bí 4 sí 10°C ni ara ti ń sáré dára jù. Kò sí oṣù kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tó mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó wà ni ìdákẹ́ òjò inú oṣù Ògún, nígbà tí ìkùukùu ń bo oòrùn tí ọ̀sán Èkó sì máa ń tutù jù lọ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀, inú oṣù Èrèlé, tó wà lára àwọn oṣù tó gbóná jù, ni màrátọ́ọ̀nù ìlú náà bọ́ sí. Ìlú Houston, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ sì jọ ti Èkó, fi tirẹ̀ sí oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí òtútù wà. Kàlẹ́ńdà eré ìje àgbáyé lè ní ọ̀rọ̀ sọ nípa ti Èkó, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kọ́ ló yan oṣù náà.

Omi: kí òùngbẹ tó dé, àbí lẹ́yìn tó bá dé?

Kò sí ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná tó ti omi. Títí di nǹkan bí ọdún 1970, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí asáré má mu omi púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ tó rọ́pò rẹ̀ gba òdìkejì pátápátá: ní 1996, American College of Sports Medicine ní kí asáré mu tó mílílítà 600 sí 1,200 ní wákàtí kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lé díẹ̀ sí nǹkan bí méjì àbọ̀, kí ó má sì dúró de òùngbẹ. Onímọ̀ ọmọ South Africa nnì, Tim Noakes, ló ṣáájú àwọn tó takò ó, ó sì kó àtakò rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 2012. Ohun tó ń sọ ni pé òùngbẹ tó fún ara ní ìtọ́sọ́nà, àti pé omi àmujù ń fọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lójú, ó sì lè mú kí ọpọlọ wú. Ẹ̀rí gbè é. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ asáré 488 wò lẹ́yìn màrátọ́ọ̀nù Boston ti 2002, iyọ̀ ti dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àwọn tó sì wúwo sí i láàárín eré náà, ìyẹn àwọn tó mu ju ohun tí wọ́n làágùn lọ, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ní 2007, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà yẹn yí ohùn padà: kí asáré má wúwo sí i, kí ó má sì jẹ́ kí ìwọ̀n ara rẹ̀ fi ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ òùngbẹ náà kò pé. Òùngbẹ àwọn àgbàlagbà kì í tètè jí. Nínú ọyẹ́, òógùn ń gbẹ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn, nígbà tó jẹ́ pé ní ìgbà òjò, aṣọ tó rin gbingbin lè mú kí ó rò pé òun ti pàdánù ju bí ó ṣe rí lọ. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ méjèèjì fara mọ́ ni kí ènìyàn wọn ara rẹ̀ ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kìlógíráàmù kan tó bá dín kù tó nǹkan bí lítà omi kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àìtó omi àti àmujù omi jọ ara wọn lójú: orí fífọ́, èébì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn wà nínú méjèèjì, ẹni tó bá sì sáré rọ omi sí ẹni tó ti mu ún jù lẹ́nu ń pa á lára sí i.

Ọyẹ́ àti eruku rẹ̀

Láàárín oṣù Bélú àti Ẹrẹ́nà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń wá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ẹni tó ń wo òṣùwọ̀n WBGT nìkan yóò sọ pé àsìkò tó dára jù lọ fún eré sísá dé, nítorí pé ìdájí tutù, òógùn sì ń gbẹ. Ẹni tó ń wo ẹ̀dọ̀fóró yóò sọ ìdàkejì. Ènìyàn tó jókòó ń mí nǹkan bí lítà afẹ́fẹ́ 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń sáré kíkankíkan lè mí ju 100 lọ, ẹnu ló sì ń gbà mí in, kì í ṣe imú tó ń sẹ́ eruku. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé eruku lẹ́búlẹ́bú tí a ń pè ní PM2.5, tó kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan láàárín wákàtí 24. Ọjọ́ tí kùrukùru ọyẹ́ bo òpin títì lójú, tí èéfín igbó jíjó àti ti ọkọ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ọjọ́ tí a lè retí irú nọ́ńbà yẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan pàápàá lè mú kí ọ̀nà èémí fún pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára àwọn tó ń fi pátákó sáré lórí yìnyín ní ìlú òtútù. Ìbòmú aláṣọ kò dí lẹ́búlẹ́bú náà lọ́nà, èyí tó sì ń dí i kì í jẹ́ kí asáré mí délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù kò ṣeé yọ sílẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ sickle cell, mọ̀ pé òtútù ọyẹ́ àti àìtó omi lè dá ìrora sílẹ̀ fún òun, kò sì sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ti àwọn AS, ìyẹn àwọn tó gbé àbùdá àrùn náà láìní àrùn náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà, ni ẹnu kò kò lé lórí. Láti 2010 ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yìí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣubú nínú ìdánrawò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí nǹkan bí 48,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú wá sọ pé ikú àwọn AS kò ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ewu pé kí iṣan wó, kí ìdọ̀tí rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ ba kíndìnrín jẹ́, fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára àwọn AS ju ti àwọn yòókù lọ. Ìhà kọ̀ọ̀kan rí ohun mú nínú èsì náà.

Òjò àti àrá

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lórí òjò. Òjò wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbóná ń tu asáré lára, ojú títì tó ń yọ̀ àti àgbàrá tó bo gọ́tà ni ewu rẹ̀. Àrá ni kò sí ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí sísáré nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń bọ Ṣàngó ti mọ ìyẹn kí àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́. Bí ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín mànàmáná àti ìró àrá kò bá tó 30, àrá náà kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 10 lọ, kí ènìyàn wọlé, kí ó sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìró tó kẹ́yìn. Abẹ́ igi kì í ṣe inú ilé.

Ọ̀gìnnìtìn

Fún àwọn Yorùbá tó wà ní Chicago tàbí London, ìbéèrè náà yí padà, nítorí pé níbẹ̀, ọ̀sán ni wákàtí tó dára jù nígbà òtútù, kì í ṣe ìdájí. Ẹ̀rù tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀dọ̀fóró yóò di yìnyín. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà èémí ti ń mú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Àríyànjiyàn tó kù dá lórí aṣọ: àwọn kan ní kí asáré wọṣọ bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi 10°C móoru jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ooru tí iṣan yóò pèsè, àwọn mìíràn sì ní ìmọ̀ràn yìí dára níwọ̀n ìgbà tí asáré bá ṣì ń sáré nìkan. Ọyẹ́ ni yóò kìlọ̀ fún onítòbí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà lè pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2021, asáré 172 bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 100 lórí òkè ní Gansu, ilẹ̀ China, púpọ̀ wọn nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìjì, òjò dídì àti yìnyín dé lójijì, 21 nínú wọn sì kú. Òtútù náà bá wọn nígbà tí wọn kò lè sáré mọ́, tí aṣọ ara wọn sì ti rin.

Àwọn tó wọlé sá a

Ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ní kí a fi gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, kí a sá a lórí ẹ̀rọ nínú ilé. Nínú yìnyín Chicago, ọgbọ́n ni. Ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná mànàmáná, yàrá tí kò sí amúlétutù kò sì ní afẹ́fẹ́ tí asáré máa ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó ti ń lọ, tí òógùn fi ń gbẹ. Bí iná bá lọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé lè burú ju kùrukùru tó lé ènìyàn wọlé lọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Nọ́ńbà WBGT tó yẹ kí a fi dá eré dúró fún àwọn tí ooru àti ọ̀rinrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ́ lára kò tíì ní ìfohùnṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣètò eré ìje kò lè máa yá ti Minnesota lò títí ayé. A kò tíì fẹnu kò lórí iye ọjọ́ eruku tó yẹ kí asáré fara dà nínú ọyẹ́ kan kí àǹfààní eré ìdárayá tó di àdánù, ní pàtàkì fún àwọn ọmọdé àti àwọn àgbàlagbà. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, wákàtí tó ṣeé sáré ní ìdájí lè máa kúrú, ẹni tó bá sì ń sá fún un lọ sínú òkùnkùn ń fi ewu kan ṣe pààrọ̀ òmíràn tí kò sí òṣùwọ̀n fún. Ti àwọn AS ló ṣòro jù: àwọn ọmọ ogun tí a ṣe ìwádìí lára wọn ní ọ̀gá tó ń pàṣẹ ìsinmi, omi tó wà nítòsí àti dókítà ní ibùdó, asáré tó dá wà lójú títì Ìbàdàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ oṣù Ẹrẹ́nà kò sì ní ọ̀kankan nínú wọn.